Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ńkọ́, ọwọ́ ta ló wà?

Àbúrò, o ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ́ sára àwọn tí yóò gbé ìwé ìjọba ìbílẹ̀ yín sórí kọ̀ǹpútà, o wá ń béèrè irú sọ́fítíwíà tó yẹ kẹ́ ẹ rà. Ọ̀rọ̀ ò tíì kan sọ́fítíwíà. Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Ọdún mọ́kànlá ni mo lò ní ọ́fíìsì kan níbí ní Abẹ́òkúta, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Fáìlì ilẹ̀ niṣẹ́ wa. Yàrá mẹ́ta ló kún fọ́fọ́, ọ̀kan nínú ẹ̀, eku ló nilé. Nígbà tí agbaṣẹ́ṣe kó kọ̀ǹpútà tuntun dé, àwa mẹ́fà la jókòó nídìí síkánà, àárọ̀ dalẹ́, oṣù méje gbáko, iṣẹ́ ọba tí wọ́n ní a kì í làágùn ṣe. Nígbà tó yá, èèyàn á jókòó sí Láfẹ́ńwá, á fi fóònù wo ibi tí ìwé òun dé. Ó dára, mi ò ní purọ́.

Ọdún méjì ni àdéhùn agbaṣẹ́ṣe náà. Lẹ́yìn tó parí, ìyá kan tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú gbé fóònù wá bá mi láàárọ̀ Mọ́ńdè: "Bọ̀dá, ẹ bá mi wò ó, tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń ta níbi tí mo ti ń wo ìwé mi." Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó san owó ọdún orúkọ tá à ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, onítẹ́tẹ́ ti rà á. Orúkọ ara ẹ̀ ni agbaṣẹ́ṣe fi gbà á látilẹ̀. Pásíwọọ̀dù sì wà nínú ímeèlì ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ kan tó ti lọ sí Kánádà. Iṣẹ́ oṣù méje wà níbẹ̀, a ò rí i ṣí.

Nítorí náà, orúkọ tó parí sí .gov.ng ni kẹ́ ẹ gbà. NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ló ń bójú tó o, kì í ṣe ohun tí agbaṣẹ́ṣe máa fi sápò ara ẹ̀. Kí pásíwọọ̀dù wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ó kéré tán méjì. Kó wà nínú àdéhùn pé ẹ̀yin lẹ ni dátà, ìyẹn gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kó sínú ẹ̀rọ. Owó ìtọ́jú ọdọọdún, inú bọ́jẹ́ẹ̀tì yín ni kó ti wá, má gbẹ́kẹ̀ lé owó ìrànwọ́. Epo dísù jẹnẹrétọ̀ náà ńkọ́? Mo ti rí ibi tí owó dísù ti di aṣọ ẹbí.

Èyí tó dùn mí jù rèé. Ẹ̀rọ náà máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá ṣí fáìlì sílẹ̀, tòun ti aago. Kò pé oṣù mẹ́ta táwọn ọ̀gá fi ní kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ yẹn, pé kò jẹ́ kíṣẹ́ yá. Irọ́ ni. Gbogbo wa la mọ fáìlì tó máa ń sọnù bí nǹkan ò bá tíì wọlé. Bí wọ́n ṣe pa á báyìí, fáìlì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù, nínú kọ̀ǹpútà! Èmi náà panu mọ́.

Ní orílẹ̀-èdè Estonia, láti 2001 ni ọ́fíìsì ìjọba kan ti ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òmíràn gba orí X-Road, ètò tó so kọ̀ǹpútà àwọn ọ́fíìsì pọ̀, aráàlú ò ní láti máa gbé fọ́tòkọ́pì kiri, ó sì lè wọlé wo ọ́fíìsì tó yẹ ọ̀rọ̀ òun wò. Irú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè fún. Bówó ò bá ká a, kí àtẹ̀jíṣẹ́ máa lọ sórí fóònù onífáìlì nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé e kúrò lórí tábìlì kan. Bẹ́ ẹ bá kọ̀, òfin FOI ti 2011, tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba, wà níbẹ̀: ọjọ́ 7 lẹ ní láti fi dá ẹni tó bá béèrè ìwé lóhùn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ ní 2025 pé ó kan ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀.

Ìyá aládìrẹ yẹn? Inú yàrá eku la ti padà rí ìwé ẹ̀, wọ́n ti jẹ etí kan níbẹ̀. Tí agbaṣẹ́ṣe bá ní kẹ́ ẹ dáná sun pépà tẹ́ ẹ bá ti síkáànù ẹ̀ tán, ẹ má dá a lóhùn.