Bàbá mi ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn yóò sọ mí di aláìgbàgbọ́

Ọmọ mi, kú oríire bac, ìdánwò àṣejáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí o yege. Mo fẹ́ sọ ìyẹn ṣáájú, nítorí pé nínú gbogbo lẹ́tà rẹ, ó dà bíi pé ìwọ fúnra rẹ kò kà á sí ohun ayọ̀ mọ́. O ní láti ọjọ́ tí èsì ti jáde ni ilé yín ní Ouando, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, kò ti rójú. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn lo fẹ́ kà ní yunifásítì. Bàbá rẹ, mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré, ní ẹni tó bá ń tú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wò bí ẹni tú ẹrù yóò di aláìgbàgbọ́, pé òfin ni kí o lọ kà. Ìyá rẹ, tí wọ́n ń lọ sí Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, kò bínú, àmọ́ wọ́n ń bi ọ́ pé kí lo máa fi jẹun. Ìyá àgbà rẹ ní Kétu, tí wọ́n bí sí agbo ilé onígẹ̀lẹ̀dẹ́, ní ohun tí àwọn ń ṣe kì í ṣe ohun tí à ń kọ sínú ìwé. O wá bi mí bóyá kí o forúkọ sílẹ̀ fún òfin kí inú bàbá rẹ lè dùn, kí o sì máa ka ẹ̀sìn ní kọ̀rọ̀.

Rárá o. Má dán an wò.

Ohun tí bàbá rẹ ń bẹ̀rù àti ohun tí ìwọ fẹ́ kà kì í ṣe nǹkan kan náà, mo sì rò pé kò tíì sí ẹni tó ṣàlàyé èyí fún wọn. Ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n fi ń tọ́ ẹni tí yóò di fadá tàbí àfáà. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ní Saint Gall, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn fadá ní Ouidah, láti ọdún 1914, irú rẹ̀ náà sì ni ilé kéwú tí bàbá rẹ fi ọ́ sí nígbà tí o wà ní kékeré. Níbẹ̀, ìgbàgbọ́ ti wà nílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé; ẹ̀kọ́ náà ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni. Èyí tí ìwọ ń wá yàtọ̀. Ìbéèrè kan náà ló máa ń bi àfáà, wòlíì àti babaláwo: láti ìgbà wo lẹ ti ń ṣe èyí? Ta ló mú un dé? Kí ló ń ṣe fún yín? Kí ló yí padà nínú rẹ̀ láti ayé àwọn bàbá yín? Kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ bóyá Ọlọ́run gbọ́ àdúrà rẹ̀.

Má lọ jìnnà. Wo Mọ́sálásí Ńlá ní Àjàṣẹ́. Àlejò tó bá kọ́kọ́ rí i á pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Bàhíà ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Àwọn Àgùdà, ọmọ ẹrú tó padà wá láti Brazil, ló gbé iṣẹ́ ọwọ́ wọn dé, mùsùlùmí sì wà láàárín wọn. Ẹni tó bá lè ṣàlàyé bí ilé ìrun ṣe wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì láìsí ìjà, ó ti sọ nǹkan nípa ìlú yìí tí ọ̀pọ̀ nínú wa tí a bí síbẹ̀ kò mọ̀.

Tàbí wo ìjọ ìyá rẹ. Samuel Oshoffa, gbẹ́nàgbẹ́nà ọmọ Àjàṣẹ́, ló dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 1947. Kò ka ẹ̀kọ́ fadá, kò sì sí òyìnbó kankan lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn apẹja ló gbé ìjọ náà dé Mákòkó ní Èkó, ibẹ̀ ló sì ti tàn ká. Nígbà tó kú ní 1985, Ìmẹ̀kọ ni wọ́n sin ín sí, ìlú tí kò jìnnà sí Kétu ìyá àgbà rẹ. Kí ló dé tó jẹ́ Àjàṣẹ́ ni? Kí ló dé tó jẹ́ àkókò tí àwọn Faransé ṣì ń ṣàkóso? Kí ló dé tí wọ́n fi ń bọ́ bàtà? Ìyá rẹ lè dáhùn gbogbo èyí láti inú ìgbàgbọ́ wọn. Ìwọ yóò fetí sí wọn, wàá sì tún wá ohun tí àwọn mìíràn rí.

Mo fẹ́ kí o tún mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa ni apá kan ẹ̀kọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Geoffrey Parrinder, òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Dàhòmè (Benin òde òní) ní 1933, ó sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní Àjàṣẹ́ níbí. Ní 1949 ló di olùkọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní yunifásítì Ìbàdàn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nígbà náà, ní 1956 ló sì tẹ ìtàn Kétu jáde. Ohun tó rí ní agbo ilé wa ló kó lọ sí kíláàsì. Ó dùn mí pé àlejò ló kọ́kọ́ ṣe é. Tí ọmọ Àjàṣẹ́ bá fẹ́ ṣe tirẹ̀ báyìí, kí ló wá di èèwọ̀?

Ní ti bàbá rẹ, sọ ìtàn Al-Biruni fún wọn. Mùsùlùmí ni. Ní nǹkan bí ọdún 1030 ló parí ìwé ńlá kan nípa ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà. Ó kọ́ èdè Sanskrit nítorí rẹ̀, ó sì sọ pé òun kò kọ ọ́ láti bá wọn jà, pé bí àwọn fúnra wọn ṣe ń sọ ọ́ lòun máa gbé e kalẹ̀. Kò bọ òrìṣà wọn, kò sì fi ìrun sílẹ̀. Tí wọ́n bá ní ayé àtijọ́ nìyẹn, sọ ti Bólájí Ìdòwú, tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní Ìbàdàn, tó kọ ìwé lórí Olódùmarè ní 1962, tó sì di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà ní 1972.

Àmọ́ má ṣèlérí fún wọn pé nǹkan kan kò ní yí padà nínú rẹ. Irọ́ nìyẹn yóò jẹ́. Ìbéèrè yóò dé, òmíràn yóò sì gba oorun lójú rẹ. Wá àgbà kan nínú ẹ̀sìn rẹ, ẹni tí kì í yára bínú, tí o lè máa gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ bá.

Ìyá rẹ náà kò ṣàṣìṣe. Kò sí iṣẹ́ púpọ̀ lóde tó ń pe ẹni tó mọ ẹ̀sìn nìkan. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o wọlé sí yunifásítì Calavi láti ẹnu ọ̀nà ìtàn tàbí sosiọlọjí, kí o gba licence, oyè àkọ́kọ́ ọlọ́dún mẹ́ta, níbẹ̀, kí o sì máa darí gbogbo iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n bá gbé fún ọ sórí ẹ̀sìn. Pẹ̀lú ìyẹn, o lè kọ́ ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, o lè ṣiṣẹ́ ní mùsíọ̀mù (a sì ní wọn ní Àjàṣẹ́), o lè wọ iṣẹ́ ìròyìn. Lẹ́yìn náà lo lè máa ro Ìbàdàn. Bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti ìsinsìnyí, má sì jẹ́ kí Lárúbáwá ilé kéwú rẹ sùn. Yorùbá, Gùn, Faransé àti Lárúbáwá lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo: olùwádìí tó ń ti òkèèrè bọ̀ á fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ohun tí wọ́n bí mọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà rẹ ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé ní 2001, ṣùgbọ́n ìkéde yẹn kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti wọ ibi tí àwọn ìyá kò pè é sí. Ohun tí wọ́n ń jó ní gbangba ọjà, orin rẹ̀, ère rẹ̀, o lè bi wọ́n. Èyí tí wọ́n bá ní kí o má kọ, má kọ ọ́, kódà kí olùkọ́ rẹ bù ọ́ ní máàkì. Lọ kí wọn ní Kétu kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé. Má mú ìwé àti bírò dání. Jókòó tì wọ́n.

Ìdí tí mo fi ní kí o má ka ẹ̀sìn ní kọ̀rọ̀ nìyí: iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe, ìfọkàntán ló fi ń rìn. Àwọn èèyàn yóò máa fi ohun tó ṣọ̀wọ́n sí wọn jù lọ hàn ọ́. Báwo lo ṣe máa fi ẹ̀tàn sí bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Lọ bá wọn ní ọ̀sán Jímọ̀ tí wọ́n bá ti ìrun dé tí ara wọn balẹ̀. Kúnlẹ̀. Kó tó kan ọ̀rọ̀ yunifásítì, bi wọ́n léèrè ta ló kọ́kọ́ gba Ìsìláàmù nínú ìdílé yín, àti bó ṣe ṣẹlẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ dópin, má já lu ọ̀rọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ni kí o sọ pé irú ìbéèrè tí o fẹ́ lọ máa bi àwọn èèyàn nìyẹn. Bẹ̀ wọ́n fún ọdún kan péré. Bí èsì rẹ kò bá dára, o máa lọ ka òfin láìjanpata. Tí wọ́n bá gbà, tètè lọ forúkọ sílẹ̀. Tí wọ́n bá ṣì ní àwọn fẹ́ gbọ́ tẹnu mi, kí wọ́n kọ̀wé sí mi. Màá dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí wọn, n kò sì ní gbè sẹ́yìn rẹ níbi tí ọ̀rọ̀ wọn bá ti jẹ́ òótọ́.