“Ken” lẹ́nu àwọn ará Scotland

Ẹnìkan tó kúrò ní Glasgow lọ sí Edinburgh béèrè pé kí ni “ken” tí gbogbo èèyàn ibẹ̀ ń fi parí ọ̀rọ̀. Ó ní òun kọ́kọ́ rò pé orúkọ èèyàn ni.

“Mọ̀” ni “ken” nínú èdè Scots, ìyẹn èdè kan ní Scotland tó bá Gẹ̀ẹ́sì tan. Ìbátan “kennen” àwọn ará Jámánì ni, àmọ́ mímọ èèyàn tàbí ibì kan làwọn yẹn ń fi tiwọn sọ. Tó bá jẹ́ mímọ̀ pé nǹkan rí báyìí, ó di “wissen”. Scots ò da ara rẹ̀ láàmú tó bẹ́ẹ̀. “I ken him”, “I ken it’s late”: bí àwa náà ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, mo mọ Adé, mo mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Tó bá ti kọjá, á di “kent”.

Kò yà mí lẹ́nu pé kò gbọ́ ọ ní Glasgow. “Know” ló wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn níbẹ̀. Ní Edinburgh àti Fife, ẹni tí kò mọ̀ á ní “I dinnae ken”. Tó bá dé Aberdeen, “dinna” ni wọn yóò pè é.

Ti Shetland, àwọn erékùṣù tó wà ní àríwá Scotland, ló dùn mọ́ mi jù. “Kens du?” ni wọ́n ń wí níbẹ̀, ìyẹn “ṣé o mọ̀ ọ́n?” Ọ̀rẹ́, ẹgbẹ́ àti ọmọdé ni wọ́n ń pè ní “du”. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà tàbí àlejò, “you” ni. Yorùbá tó bá débẹ̀ ò nílò olùkọ́ kó tó mọ ìgbà tí “o” yẹ àti ìgbà tó yẹ kó di “ẹ”.

“Ken” tó ń da ẹni tó béèrè yẹn láàmú, tí wọ́n ń sọ sí ìparí ọ̀rọ̀, kì í ṣe ìbéèrè gidi. “It’s awfy cauld, ken?” Òtútù yìí mà pọ̀ o, àbí? Kó sáà mi orí, tàbí kó ní “aye”, ìyẹn “bẹ́ẹ̀ ni”, ó ti tó.

Ṣùgbọ́n kó ṣọ́ra fún “I kent his faither”, ìyẹn “mo mọ bàbá rẹ̀”. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ní òun mọ bàbá ẹni lè fẹ́ buyì kúnni ni. Tiwọn, òkò ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lókìkí ni wọ́n máa ń sọ ọ́ sí: ta ló tiẹ̀ pe ara rẹ̀, ṣebí a mọ ilé tó ti jáde? Ẹni tí wọ́n bá gba tiẹ̀ ni “weel-kent face”, ojú tí gbogbo ayé mọ̀. Ìwé ìròyìn Scotland tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìròyìn pàápàá ń lò ó fún òṣèré àti agbábọ́ọ̀lù, àwọn tí àwa ń pè ní gbajúmọ̀.