Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ìgbìmọ̀ Ààbò Wa Ò Ju Mítìn Lọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti lé lọ́dún kan tí àdúgbò wa ti dá ìgbìmọ̀ ààbò sílẹ̀. Ọlọ́pàá ń wá, àwọn káńsù ń wá, ọ̀gá ilé ìwé ń wá, a máa jókòó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, oníkálukú á gba ilé ẹ̀ lọ, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń fọ́lé, wọ́n ṣì ń já fóònù gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n tún ti ní ká dáwó ra kámẹ́rà báyìí. Ṣé ìgbìmọ̀ yìí tiẹ̀ wúlò ni àbí ká kúkú tú u ká?
Akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí ọ̀rọ̀ ti sú

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, akọ̀wé wa. Ẹ má tú u ká o, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ ló wà níbẹ̀, ohun tí àwọn ibòmíì ń wá tí wọn ò rí nìyẹn. Ibi tó kù sí ni pé oníkálukú ló mọ nǹkan, kò kàn sẹ́ni tó ń gbé ohun tó mọ̀ wá síbi mítìn. Ọlọ́pàá ò lè mọ̀ ju ohun tí wọ́n bá wá fi sùn wọ́n lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n lù lóru ò dé àgọ́ ọlọ́pàá rárá, ọsibítù ni wọ́n gbà lọ.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe ní Cardiff, ní ilẹ̀ Wales. Dókítà kan wà níbẹ̀, Jonathan Shepherd, iṣẹ́ abẹ ojú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni tiẹ̀, òun ló ń rán ojú àwọn tí wọ́n fi ìgò ya nínú ìjà. Ó wá rí i pé púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń gbé wá yìí, ọlọ́pàá ò gbọ́ nǹkan kan nípa wọn. Ni wọ́n bá ní kí àwọn tó ń gba orúkọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pàjáwìrì máa bi ẹni tó bá wọlé: níbo gan-an ni wọ́n ti lù yín, aago mélòó, kí ni wọ́n fi lù yín? Kì í ṣe kó sọ pé “ní ìgboro” o, orúkọ ilé ọtí yẹn tàbí òpópónà yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́. Wọ́n á yọ orúkọ aláìsàn kúrò, wọ́n á kó ìyókù fún ọlọ́pàá àti káńsù. Bí ọlọ́pàá ṣe mọ ibi tó yẹ kí wọ́n dúró sí àti wákàtí tó yẹ kí wọ́n wà níbẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n sì mọ onílé ọtí tó yẹ kí wọ́n lọ bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìwádìí ẹ̀ jáde nínú BMJ, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, lọ́dún 2011, iye àwọn tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù nítorí pé wọ́n ṣe wọ́n léṣe ti fi ìdá 42 nínú 100 dín kù, tá a bá fi wé àwọn ìlú tó jọ ọ́. Àmọ́ ìjà wẹ́wẹ́ tó wọnú ìwé ọlọ́pàá pọ̀ sí i ní tiẹ̀, torí náà bí iye tí ọlọ́pàá kọ sílẹ̀ bá gòkè díẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ má tètè sọ pé iṣẹ́ yín ti bàjẹ́.

Ti àwọn tó ń fọ́lé, Kirkholt ni kẹ́ ẹ wò, àdúgbò kan ní Rochdale ní England, láàárín ọdún 1985 sí 1990. Wọ́n rí i níbẹ̀ pé ilé tí wọ́n bá ti fọ́ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n tún máa ń padà sí. Ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ti jà lólè ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n tún ilẹ̀kùn àti fèrèsé wọn ṣe, wọ́n yọ mítà iná àti gáàsì tí wọ́n máa ń sọ owó sí, torí owó inú ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olè ń wá, wọ́n sì bẹ ilé bíi mẹ́fà tó yí i ká pé kí wọ́n máa bá wọn fojú sí i. Láàárín ọdún mẹ́ta ìfọ́lé fi nǹkan bí ìdá 75 nínú 100 dín kù.

Tiyín wá báyìí. Ní mítìn tó ń bọ̀, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni kàn wí pé “olè ti pọ̀ jù”. Ẹ kọ ilé tí wọ́n fọ́ láti bí oṣù mẹ́fà sílẹ̀, ọjọ́ wo, aago mélòó, ṣé ojú fèrèsé ni wọ́n gbà wọlé ni àbí ẹ̀yìnkùlé. Ti fóònù náà, àwọn ọmọ fúnra wọn mọ kọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sáré kọjá, ẹ bi wọ́n, ó dùn mí pé àwọn ọmọ ló ń jìyà ẹ̀ tí kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n. Ẹ mú ibì kan ṣoṣo, kí ọlọ́pàá wà níbẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá ń jáde, kí káńsù tún iná ibẹ̀ ṣe, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó gbà á ṣe àti ọjọ́ tó ní òun á parí ẹ̀. Ibẹ̀ ni kí mítìn tó tẹ̀ lé e ti bẹ̀rẹ̀, kó tó kan ọ̀rọ̀ mìíràn.

Kámẹ́rà ò burú, àmọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí ló ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù. Kí owó yín tó lọ síbẹ̀, ẹ tún ilẹ̀kùn àwọn tí wọ́n ti jà lólè ṣe ná.

Ìbéèrè: Wọ́n gbé fọ́tò àbúrò mi sórí gírúùpù WhatsApp ààbò àdúgbò wa, wọ́n ní ó ń rìn gbéregbère lálẹ́, pé kí gbogbo èèyàn máa ṣọ́ ọ. Ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀ o! Mọ́mì mi ò lè sùn mọ́. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí mọ́mì. Ẹ kọ́kọ́ ya gbogbo ohun tí wọ́n kọ pa mọ́ sórí fóònù yín kí wọ́n tó pa á rẹ́. Kí ẹ̀yin àti àgbàlagbà kan tí àdúgbò mọ̀ jọ lọ bá alága, ẹ má jẹ́ kí àbúrò yín dá lọ. Kí wọ́n yọ fọ́tò náà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sórí gírúùpù kan náà pé àwọn ṣì í mú, torí ẹni tó ti rí ti àkọ́kọ́ ò ní mọ̀ tí wọ́n bá kàn yọ ọ́ lásán. Tí ẹnikẹ́ni bá ti halẹ̀ mọ́ ọn, ẹ lọ fi tó ọlọ́pàá létí lónìí.

Ẹ̀yin alága tó ń ka èyí, ẹ dákun, ẹ fòfin dè é: ohun tí èèyàn rí, ibi tó ti rí i àti àkókò nìkan ló gbọ́dọ̀ wọ orí gírúùpù. Ẹni tẹ́ ẹ bá fura sí, ọlọ́pàá ni kẹ́ ẹ pè, kí fọ́tò ẹnikẹ́ni má débẹ̀.