Sẹ̀gilọlá àti Àwọn Ará Èkó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin, tí ó wà ní yunifásítì ní Àkọkà, kì í fi ìtàn ìfẹ́ orí fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń kà á, tí kò fojú kan ọ̀kankan nínú wọn rí, ti sọ ara wọn di ẹbí. Wọ́n ń bá ara wọn yọ̀, wọ́n sì ń bá ara wọn kẹ́dùn. Mo sọ fún un pé àṣà àjèjì ni èyí, pé agboolé àti àdúgbò ni àwa fi ń mọ ẹni tí í ṣe tiwa. Ṣé òótọ́ ni mo sọ? Bí ìwé àtijọ́ kan bá sì wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárúkọ rẹ̀ kí èmi àti ọmọ náà lè jọ kà á. Èmi ni ìyá kan ní Yábàá.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àbójútó ọmọ, Mà. Ẹ má bínú pé ẹ̀yìn ọmọ yín ni mo fẹ́ gbè sí lónìí. Ohun tí ó ń ṣe lórí fóònù yẹn, àwọn ará Èkó ti ṣe é rí lórí bébà, nígbà tí a kò tíì bí ẹ̀yin àti èmi.

Ní oṣù Keje ọdún 1929, lẹ́tà kan jáde nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tí Isaac Babalọlá Thomas dá sílẹ̀ ní 1928. Obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá ni ó ní òun kọ ọ́. Ó ní ẹwà òun ti gbòde nígbà kan rí, pé òun ti ní ọkọ tí kò níye, ṣùgbọ́n àìsàn ti dá òun dùbúlẹ̀, owó ti tán, òun sì fẹ́ jẹ́wọ́ kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin má baà tọ ọ̀nà kan náà. Lẹ́tà yìí ń tẹ̀lé ara wọn títí di oṣù Kẹta ọdún 1930, ọdún náà gan-an ni wọ́n sì dì wọ́n ní ìwé. Àwọn òǹkàwé kọ̀wé nípa rẹ̀ bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ alààyè. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí Sẹ̀gilọlá níbì kankan: Thomas fúnra rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìwé yìí ni ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, nítorí ọdún 1938 ni ìwé àkọ́kọ́ Fágúnwà tó jáde.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìfẹ́ inú ìtàn náà sílẹ̀ díẹ̀, kí a wo ẹni tí Sẹ̀gilọlá ń bá sọ̀rọ̀. Olóòtú ni ó ń kọ̀wé sí, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó bá ra ìwé ìròyìn ní Èkó ni ó ń fetí sí i, ẹni tí kò mọ̀wé kà sì lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ó ń dárúkọ àdúgbò, ó ń rántí orin tí ó lókìkí nígbà èwe rẹ̀, ó sì ń fi orúkọ àwọn ènìyàn pamọ́, bí ẹni tí ó dá a lójú pé ẹni tí ó yẹ kí ó mọ̀ yóò mọ̀. Ẹni tí irú orin bẹ́ẹ̀ bá ta létí ti di ọmọ ilé nìyẹn, kì báà jẹ́ káfíńtà tí ó ti Èkìtì wá gbé ní Èbúté Mẹ́ta, tí ẹnikẹ́ni kò mọ oríkì rẹ̀ ní Èkó.

Ẹ rántí irú ìlú tí Èkó jẹ́ nígbà náà. Àwọn Sàró tí wọ́n ti Sierra Leone padà wálé wà ní Olówógbowó, àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà wá wà ní Pópó Àgùdà, àwọn ọmọ onílẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn tí iṣẹ́ gbé dé sì ń wọlé lójoojúmọ́. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń kó ràn ti bẹ̀rẹ̀ láti 1924, ìjọba sì ti dá àjọ tí yóò máa tún ìlú ṣe sílẹ̀ ní 1928, èyí tí ó túmọ̀ sí wíwó ilé onílé. Lékè gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Elékòó Èṣúgbàyí, ọba Èkó, ẹni tí àwọn òyìnbó yọ lóyè ní 1925, tí wọ́n lé lọ sí Ọ̀yọ́, tí kò sì padà dé títí di 1931. Ọ̀rọ̀ yẹn pín ìdílé, ó pín mọ́ṣáláṣí, ó pín àwọn oníwèé ìròyìn. Èrò tèmi ni pé bóyá ó yẹ kí a ṣàánú Sẹ̀gilọlá tàbí kò yẹ jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nba àríyànjiyàn tí ará Èkó lè bá ẹnikẹ́ni jà láìkọ́kọ́ béèrè pé ẹ̀yìn ta ni ó wà.

Kì í ṣe Èkó nìkan. Ìwé ìtàn àròsọ Pamela tí Samuel Richardson tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1740 náà jẹ́ lẹ́tà ọmọ-ọ̀dọ̀ kan tí ọ̀gá rẹ̀ ń dẹnu ìfẹ́ kọ, àwọn òǹkàwé sì bá a jà bí ẹni tí ó jẹ́ ará ilé wọn. Ní 1983, onímọ̀ kan, Benedict Anderson, kọ ọ́ pé ìwé ìròyìn àti ìtàn àròsọ wà lára ohun tí ó jẹ́ kí àwọn tí kò pàdé rí máa ka ara wọn sí ọ̀kan. Orílẹ̀-èdè ni ó ní lọ́kàn.

Ohun kan ṣì ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ Sẹ̀gilọlá, mo sì fẹ́ kí ọmọ yín gbọ́ ọ. Ẹ̀yìn ìtìjú obìnrin kan ni ìlú ti ṣọ̀kan. Àwọn ọkùnrin tí ó bá a ṣe é kò ní orúkọ, wọn kò ṣàìsàn lójú ìwé ìròyìn, ipò ẹni iyì sì wà fún wọn títí ìtàn fi parí. Ọkùnrin ni ó sì gba ẹnu obìnrin sọ gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, dípò kí ẹ bi í léèrè ìdí tí ó fi ń ka ìtàn ìfẹ́, ẹ bi í pé ta ni wọ́n ń tì síta nínú àwọn tí ó ń kà, kí àwọn yòókù lè máa pe ara wọn ní ẹbí.

Ní ti ìwé, Karin Barber tún lẹ́tà Sẹ̀gilọlá tẹ̀ jáde ní 2012, Yorùbá rẹ̀ àti ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdìpọ̀ kan. Ẹ kà á sókè, nítorí Yorùbá Èkó àtijọ́ ni. Níbi tí orin bá ti wọ inú ọ̀rọ̀, kí ẹ má fò ó: bí ẹ bá ní àgbàlagbà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ fóònù sí i, kí ẹ bèèrè bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbè é.