Láìnì kejì kọ́ ló jẹ̀bi o

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìkéré ni mo wà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni. Mo fẹ́ kọ nǹkan kékeré tí màmá mi á fi máa ṣírò owó iṣu, ṣùgbọ́n ó ń gbé àṣìṣe "SyntaxError: invalid syntax" wá ní láìnì kejì. Mo ti pa láìnì yẹn rẹ́, mo tún un kọ bí ìgbà mẹ́fà, ibẹ̀ náà ló ṣì ń tọ́ka sí. Ohun tí mo kọ rèé:

iye = int(input("Iṣu mélòó? ")
owo = iye * 1500
print(owo)

Ìdáhùn: Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Láìnì kejì tó ò ń pa rẹ́ yẹn ò ṣe nǹkan kan. Fi ìka ka àwọn brákẹ́ẹ̀tì òkè: o ṣí ọ̀kan lẹ́yìn int, o tún ṣí ọ̀kan lẹ́yìn input, ẹyọ kan péré lo wá pa dé. Tí brákẹ́ẹ̀tì bá ṣì wà ní ṣíṣí, bó o tẹ Enter bó ò tẹ̀ ẹ́, ọ̀kan náà ni lójú Python, ó kàn ń kà á lọ bíi pé láìnì kan ṣoṣo ni, àfi ìgbà tó ṣàdédé kan "owo" ló tó pariwo. Ìṣó ti gún táyà ọ̀kadà látì'Ìkéré, Ajílósùn l'Adó ló wá jò tán sí, ṣé wàá wá máa wá ìṣó kiri n'Ajílósùn?

Báyìí ni kó o ṣe é:

iye = int(input("Iṣu mélòó? "))

Ìyẹn náà ni. Torí náà tó o bá wo láìnì tó ń tọ́ka sí tó ò rí nǹkan kan níbẹ̀, tètè wo èyí tó wà lókè ẹ̀. Mo tiẹ̀ rò pé Python tó o ń lò ti pẹ́, torí láti ẹ̀dà 3.10 tó jáde ní 2021, ó máa ń sọ ọ́ ṣàkó pé "'(' was never closed" (o ò pa brákẹ́ẹ̀tì dé), láìnì kìíní gan-an lá sì tọ́ka sí. Tí dátà bá wà, fi tuntun sí i jàre.

Àmọ́ má sọ pé kó o kúkú yọ int, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, kí brákẹ́ẹ̀tì lè dọ́gba o. Èmi náà ti dán irú ẹ̀ wò rí. Error lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n input ò mọ nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ lásán ló ń gbà wọlé, bí màmá bá tẹ 3, dípò 4500, ṣe ló máa to 3 sórí ìlà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, títí á fi pé ìgbà 1500.