Ọmọ wa lọ sí Néfì: kí ni àwa ìyá lè ṣe fún ara wa tí ẹ̀sìn fọwọ́ sí?

Ìbéèrè: As-salāmu alaykum, Àáfà wa. Láti Ìwó ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Ọmọkùnrin mi wà lára àwọn tí Néfì (ọmọ ogun ojú omi) ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, ó sì ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn ní Onne, Ìpínlẹ̀ Rivers. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ni mi ò ti gbóhùn rẹ̀ mọ́, wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Àwa ìyá tí ọmọ wa jọ lọ ti wá ara wa kàn lórí WhatsApp, a sì ń dá owó jọ. Ìyá kan ní ká fi owó náà ṣe tírà fún àwọn ọmọ, kí omi má bàa gbé wọn lọ. Òmíràn ní ká máa pé jọ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ fún àdúà, bẹ́ẹ̀ Kìrìsìtẹ́nì wà láàárín wa. Bàbá ọmọ sì ń bínú sí mi pé ẹkún tí mò ń sun ti pọ̀ jù, pé àìnígbàgbọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. Ṣé ọmọ yìí tiẹ̀ lè kírun bó ṣe yẹ níbẹ̀?

Ìdáhùn: Wa alaykumu s-salām wa rahmatullāhi wa barakātuh. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ìyá wa, ẹkún yín ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí mo rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn yín jù. Ẹ ṣí Súrà al-Qasas, ẹ kà á láti áyà 7. Ọlọ́hun ló sọ fún ìyá Ànábì Mùsá pé kó gbé ọmọ rẹ̀ sínú odò, Ó sì fi kún un pé: má bẹ̀rù, má sì banújẹ́, dájúdájú Àwa yóò dá a padà fún ọ. Obìnrin tó gba ìlérí lọ́dọ̀ Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ nìyí. Síbẹ̀, áyà 10 sọ fún wa pé ọkàn rẹ̀ ṣófo, pé ó kù díẹ̀ kó tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà, bí kì í bá ṣe pé Ọlọ́hun fún ọkàn rẹ̀ ní okun. Ọlọ́hun kò bú u, kò sì pè é ní aláìnígbàgbọ́. Okun ló fún un. Nígbà tí Ibrahim ọmọ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń jáde láyé, omi dà lójú Ànábì, ó sì ní: ojú ń da omi, ọkàn ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n a kò ní sọ àfi ohun tí Olúwa wa yọ́nú sí. Ẹnu ni ẹ̀sìn ní ká ṣọ́, kò ní kí ojú má da omi. Bí ẹ kò bá ti máa bi Ọlọ́hun pé kí lẹ ṣe fún Un, ẹ kò dẹ́ṣẹ̀ kankan.

Ẹ rọra ka áyà yẹn fún bàbá ọmọ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bàbá tó ń bínú sí ẹkún ìyàwó rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀rù ọmọ kan náà ló ń bà á, kò kàn rí ibi tí yóò gbé e sí ni.

Ẹ wá wo áyà 11. Ìyá Mùsá sọ fún ẹ̀gbọ́n Mùsá obìnrin pé: tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin náà ń wò ó láti òkèèrè, àwọn ará ibẹ̀ kò fura, ìgbà tí ọ̀rọ̀ sì dé ibi tó yẹ kó sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́, ohun tó sọ ló dá ọmọ padà sí àyà ìyá rẹ̀. Ìyá nìkan kọ́ ló gbé ẹrù yẹn. Nítorí náà, bí ẹ ṣe wá ara yín kàn yìí, ohun tó dára gan-an ni, ẹ má jẹ́ kó tú ká.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nínú ẹgbẹ́ yín nìyí, ó sì wù mí ju gbogbo ìyókù lọ. Abu Darda, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà, gbà á wá lọ́dọ̀ Ànábì, ó wà nínú ìwé hàdíìsì Muslim, pé kò sí ẹrúsìn Ọlọ́hun kan tó jẹ́ Mùsùlùmí tí yóò tọrọ fún ọmọ ìyá rẹ̀ nígbà tí onítọ̀hún kò sí nítòsí, àfi kí màlékà sọ pé: ìwọ náà, irú rẹ̀ ni tìrẹ. Ẹ pín orúkọ àwọn ọmọ láàárín ara yín. Kí ìyá kọ̀ọ̀kan mú orúkọ ọmọ ẹlòmíràn, kó máa dá a pè nínú ìforíkanlẹ̀ rẹ̀, láàárín ìpè ìrun àti iqāmah (ìpè kejì tí a fi ń dìde sí ìrun), àti ní òru nígbà tí ilé bá pa rọ́rọ́. Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àdúà òbí lórí ọmọ kì í padà, Ànábì kà á mọ́ àdúà mẹ́ta tí Ọlọ́hun ń gbà láìṣiyèméjì. Ẹ ṣe tiyín fún tiyín, kí ẹ sì jẹ́ kí màlékà bá yín fi àmín sí tẹlòmíràn. Àdúà tí Ànábì máa ń ṣe fún ẹni tó bá ń rìnrìn àjò ni kí ẹ há sórí: Astawdiʿullāha dīnaka wa amānataka wa khawātīma ʿamalik. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: mo fi ẹ̀sìn rẹ, ohun tí a fi pamọ́ sí ọ lọ́wọ́ àti ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ ṣe ìfipamọ́ sọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Ní ti ìpéjọpọ̀ alẹ́ Ọjọ́bọ̀, bó bá jẹ́ pé ọjọ́ náà ló rọ gbogbo yín lọ́rùn, kò burú. Ẹ má kàn sọ ọ́ di ọ̀ranyàn, ẹ má sì fi ojú burúkú wo ẹni tí kò wá. Ìyá tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ẹ má fi agbára mú un wá síbi àdúà wa, àwa náà kò sì ní bá a ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú owó dídá, ìbẹ̀wò, ìtùnú àti ìròyìn, ọ̀kan náà ni yín. Súrà al-Mumtahanah, áyà 8, ni ẹ̀rí: Ọlọ́hun kò kọ̀ fún wa láti ṣe dáadáa sí ẹni tí kò bá wa jagun nítorí ẹ̀sìn. Ọmọ tirẹ̀ àti ọmọ tiyín lè jọ sùn nínú yàrá kan náà ní Onne lálẹ́ òní.

Owó yẹn wá ńkọ́? Zayd ọmọ Khalid al-Juhani gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé ẹni tó bá fi dáadáa dúró ti ará ilé jagunjagun lẹ́yìn rẹ̀, òun náà ti jagun. Bukhari àti Muslim ló gbà á wá. Ẹni tó jáde sójú ọ̀nà Ọlọ́hun ni hàdíìsì náà ń wí, mi ò sì ní sọ fún yín pé jíhàádì ni iṣẹ́ oṣù. Àmọ́ ọmọ tó fi èrò rere lọ dènà àwọn ajalèlókun àti àwọn tó ń jí epo rọ̀bì wa, iṣẹ́ tó dára ló ṣe, ẹ̀kọ́ tó wà nínú hàdíìsì náà sì kan ilé rẹ̀. Ọmọkùnrin tó lọ yẹn, kì í ṣe ojú rẹ̀ nìkan ni ilé ń ṣàárò. Bí opó kan tó ń ta ẹ̀kọ bá wà láàárín yín, ta ló ń gbé àgbàdo rírẹ lọ sí ẹ̀rọ fún un báyìí kí ilẹ̀ tó mọ́? Ta ló ń fa omi tó fi ń sẹ́ ògì? Bàbá àgbà tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ta ló ń bá a rà á? Ibẹ̀ ni kí owó yín lọ. Kí ẹni méjì di owó náà mú, kí wọ́n sì kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sílẹ̀. Áyà tó gùn jù nínú Àlùkùránì, 282 nínú Súrà al-Baqarah, lórí kíkọ gbèsè àti ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ ló dá lé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ṣe tírà. Uqbah ọmọ Amir gbà á wá pé Ànábì ní: ẹni tó bá so tírà kọ́ra ti ṣẹbọ. Mo mọ̀ pé àwọn aṣíwájú kan fọwọ́ sí i bó bá jẹ́ áyà Àlùkùránì nìkan ló wà nínú rẹ̀, àwọn mìíràn sì kọ̀ ọ́. Èmi dúró ti àwọn tó kọ̀ ọ́. Ẹ kò mọ ohun tí wọ́n kọ sínú awọ tí wọ́n ti rán pa, ọmọ yóò gbé e wọ ilé ìgbẹ́, ọkàn rẹ̀ yóò sì fara ti awọ dípò Ọlọ́hun. Dípò rẹ̀, kí ó máa ka Āyatul Kursiyyu (áyà 255 nínú Súrà al-Baqarah) àti súrà mẹ́ta ìgbẹ̀yìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ tó bá sì wọ ọkọ̀, ohun tí Ànábì Núhù sọ wà nínú Súrà Húdù, áyà 41: ní orúkọ Ọlọ́hun ni lílọ rẹ̀ àti ìdúró rẹ̀.

Ẹ̀rù omi yẹn náà, ẹ gbọ́ ìtàn Ummu Haram, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin sàhábà. Ànábì sùn nílé rẹ̀, ó jí pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní a fi àwọn kan nínú ìjọ òun han òun tí wọ́n gun ojú òkun bí ọba lórí ìtẹ́. Obìnrin náà ní kó bá òun tọrọ kí òun wà lára wọn, ó sì tọrọ. Nígbà ìjọba Uthman, khalīfa kẹta, obìnrin yìí bá ọkọ rẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Cyprus. Òkun kò ṣe é ní nǹkan kan. Orí ilẹ̀ ni ẹran tó fẹ́ gùn ti gbé e ṣubú, ibẹ̀ ló kú sí. Ilẹ̀ gbígbẹ lẹ rò pé ó láàbò, ìyá wa, ṣùgbọ́n ibi tí Ọlọ́hun kọ ni ikú wà.

Ìrun rẹ̀ kò ṣòro. Ní Onne, níwọ̀n bó ti mọ̀ pé òun yóò lo oṣù bíi mélòó kan níbẹ̀, ìrun ní pípé ni yóò máa kí, nítorí lọ́dọ̀ àwọn Máàlíkì (àwọn onímọ̀ tó tẹ̀ lé Ìmáàmù Mālik) tí a ń tẹ̀ lé, ẹni tó bá pinnu ọjọ́ mẹ́rin síbì kan ti kúrò ní arìnrìn-àjò. Bí àṣẹ bá ká a mọ́ títí Àìlà (ìrun ọ̀sán) fi ń lọ, kí ó pa á pọ̀ mọ́ Àsárì (ìrun ìrọ̀lẹ́), bó bá jẹ́ ọ̀ranyàn, kó má sọ ọ́ di àṣà. Ibn Abbas gbà á wá pé Ànábì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Mọdínà láìsí ẹ̀rù, láìsí òjò, kí ara má bàa ni ìjọ rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú omi, kí ó dúró kírun, àfi bí ìgbì kò bá jẹ́ kó lè dúró, nígbà náà kó jókòó. Kí ó dojú kọ gábàsì níbẹ̀rẹ̀, bí ọkọ̀ bá yí, kó yí padà bí agbára rẹ̀ bá mọ. Néfì ní àwọn ìmáàmù tiwọn, ọ̀dọ̀ wọn ni kó ti máa bèèrè.

Nǹkan kan tẹ́ ẹ kò bèèrè: ohùn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri pé ọmọ kan ti kú, pé ẹsẹ̀ ọmọ kan ti ṣẹ́. Ẹ má gbé e síwájú títí ẹ ó fi mọ òtítọ́ rẹ̀, Súrà al-Hujurāt, áyà 6, pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá pè pé kí ẹ fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n lè tọ́jú ọmọ yín, ẹ má fún un.

Bí ọjọ́ POP (ayẹyẹ ìparí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn) bá dé, tí ẹ fẹ́ lọ sí Onne, kí bàbá ọmọ bá yín lọ, nítorí Ànábì kò fẹ́ kí obìnrin dá rìnrìn àjò tó jìnnà láìsí ọkọ tàbí ìbátan tí kò lè fẹ́ ẹ. Opó tí kò ní owó ọkọ̀, kí ẹgbẹ́ san tirẹ̀ àti ti arákùnrin rẹ̀. Ẹ̀yin náà ni arìnrìn-àjò nígbà yẹn, ọ̀nà náà ju nǹkan bí 80 kìlómítà tí àwọn onímọ̀ fi ṣe òṣùwọ̀n ìrìn àjò lọ fíìfíì. Bí ẹ bá ti kúrò láàárín ilé Ìwó, Àìlà, Àsárì àti Ìṣáì di rakáà méjì méjì títí ẹ ó fi padà, bí ẹ kò bá ní lò tó ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀. Bí ẹ bá sì kírun lẹ́yìn ìmáàmù onílé ní Onne, mẹ́rin ni kí ẹ kí. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.