Core i7 wo lẹ ń sọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí ní Ìyàrà. Mo fẹ́ ta láptọ́ọ̀pù mi, HP EliteBook 8460p, Core i7, RAM 8GB, hard disk 500GB. ₦110,000 ni mo rà á ní 2019. Pẹ̀lú bí dọ́là ṣe wọ́n tó yìí, mo rò pé kò yẹ kó dín ní ₦250,000. Ẹnì kan tó ń ra àlòkù ní Kàbà ní ₦60,000 lòun máa san. Ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ rẹ́ mi jẹ? Èló ni kí n tà á?

Ìdáhùn: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹni kẹrin lẹ jẹ́ tó máa bi mí ní ọ̀rọ̀ Core i7 láàárín oṣù yìí, ẹ jẹ́ kí n kúkú fi tiyín dá gbogbo wọn lóhùn. ₦250,000 kò ní í wọlé. Mi ò tíì fojú kan ẹ̀rọ yín, n ò sì ní í bu iye kan lé e lórí láti ọ̀nà jíjìn, àmọ́ ẹ má pe ẹni tó dá ₦60,000 lé e lólè. Ọ̀rọ̀ i7 yẹn ló ṣì yín lọ́nà.

Iṣẹ́ yín ni n ó fi ṣàlàyé. i3, i5, i7, ipò nínú kíláàsì ni: ẹni kẹta, ẹni kejì, ẹni kìíní. Kíláàsì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní generation, ìyẹn ìran tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà ti jáde. Ọmọ tó gbé ipò kìíní ní Primary 2, ṣé ẹ máa ní ó mọ̀wé ju ọmọ tó gbé ipò kẹta ní SS 2 lọ? Ẹ ò ní í sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe nídìí láptọ́ọ̀pù nìyẹn: wọ́n á gbọ́ i7, wọn ò ní í béèrè kíláàsì.

Ẹ ṣí Settings, ẹ tẹ System, kí ẹ tẹ About. Níbi tí wọ́n kọ Processor sí, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà, ẹ lè bá i7-2620M. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé dáàṣì ni kí ẹ wò. 2 ló fi bẹ̀rẹ̀, ìran kejì nìyẹn, ọdún 2011 ló jáde. Bó bá jẹ́ i5-8250U, ìran kẹjọ ni, ti 2017. Bó bá jẹ́ i5-10210U, ẹ ka mẹ́wàá, ẹ má ka ení. 8460p tiyín, ìran kejì ni, bóyá ẹ rí stíkà lára rẹ̀ tàbí ẹ ò rí i.

i7-2620M yẹn, core méjì ló ní, ẹ sọ pé òṣìṣẹ́ méjì ló wà nínú rẹ̀. i5-8250U tí ẹ̀ ń fojú i5 lásán wò ní mẹ́rin. Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣe fún wáàtì 35, èkejì fún wáàtì 15. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa níbí mọ ohun tí ìyẹn ń sọ. Ó tún ku Windows. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft dá àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró, Windows 11 kò sì fọwọ́ sí Intel tí kò bá tó ìran kẹjọ, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀. Àwọn kan máa ń fipá gbé e sórí ẹ̀rọ àtijọ́. Ó lè ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹni tó bá ṣe é ló máa ru ẹrù rẹ̀. Oníbàárà tó bá gbọ́n á ti yọ gbogbo èyí kúrò nínú owó kó tó là ẹnu.

Inú ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí nítorí àwọn tó ń jẹ lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ iléèwé kan gbé ẹ̀rọ wá bá mi láti Ìsánlú, wọ́n lẹ stíkà i7 mọ́ ọn lára. Mo tàn án, i3 ni mo bá nínú rẹ̀. Owó tí ìyá rẹ̀ fi ẹ̀gẹ́ kó jọ ló ti lọ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tan ẹ̀rọ wò kí ẹ tó sanwó.

Ti dọ́là, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Láti 2023 tí náírà ti já wálẹ̀ ni tòkunbọ̀ ti gbówó lórí, àlòkù ilé náà sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yín ti fi ọdún tó pọ̀ dàgbà sí i láti ìgbà tí ẹ ti rà á. Ẹ wo iye tí wọ́n ń pe 8460p lórí Jiji, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì rántí pé iye tí wọ́n ń pè kọ́ ni wọ́n ń gbà. Ẹ béèrè ní ṣọ́ọ̀bù méjì mẹ́ta ní Kàbà àti Lọ́kọ́ja, kí ẹ ṣe bí ẹni tó fẹ́ rà. Ẹni tó máa tún un tà gbọ́dọ̀ rí èrè àti owó bátìrì, torí náà ẹni tó fẹ́ lò ó fúnra rẹ̀ ló máa sanwó ju oníṣọ́ọ̀bù lọ. Akọ̀wé ìjọ tàbí ẹni tó kàn fẹ́ máa tẹ ìwé ni kí ẹ wá.

Ẹ má ra RAM tuntun sí i nítorí pé ẹ fẹ́ tà á. Owó yẹn kò ní í padà.

Kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ṣe Reset, kí ẹ yan Remove everything, kí ẹ sì tan Clean data. Kí ènìyàn kàn pa fáìlì rẹ́ lásán kò tó, ẹni tó mọ̀ ọ́n lè hú u jáde. Èsì ìdánwò àwọn ọmọ ọlọ́mọ wà níbẹ̀. Ẹ má sì gbé e fún ẹnikẹ́ni torí aláàtì tó wọ fóònù, àfi tí ẹ bá ṣí áàpù báǹkì yín tí ẹ rí owó náà níbẹ̀.

Ẹ wá Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport, ẹ ṣí fáìlì tó bá ṣe jáde, kí ẹ kọ nọ́ńbà Design Capacity (agbára bátìrì nígbà tó wà ní tuntun) àti Full Charge Capacity (èyí tó lè gbà báyìí) ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn i7 yẹn. Ìgbà náà ni mo lè sọ fún yín bóyá ₦60,000 kéré jù.